Katakata MF 375 ń yí ṣùgbọ́n kò sítáàtì (òjò ti rọ̀, ẹ gbà mí o)

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ kú òjò àkọ́rọ̀. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni oko wa wà. Òjò ọjọ́ méjì yìí ti mú ilẹ̀ rọ̀, gbogbo ẹni tó ti san owó ìtúlẹ̀ sílẹ̀ ló ń pè mí láti ìdájí. Katakata mi ni MF 375, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Pakistan, ẹ́ńjìnnì Perkins onísìlíńdà 4. Lánàá ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bó bá ti ń gbé díísìkì ìtúlẹ̀ wọlẹ̀ báyìí, á kàn máa rẹ̀ ẹ́, á fẹ́ kú, á tún gbéra. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ó kú pátápátá, a fi í sílẹ̀ lóko pẹ̀lú ọdẹ.

Láàárọ̀ yìí mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń yí gìrìgìrì, bátìrì le dáadáa, ṣùgbọ́n kò sítáàtì. Mẹkáníìkì tí mo pè ò tíì dé òkè katakata tó fi ní pọ́ǹpù ínjẹ́kítọ̀ (èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) ni, pé ká tú u ká gbé e lọ sí Ìbàdàn. Owó tó pè kò ṣeé kọ síbí. Ẹ bá mi dá sí i kí n tó tú ohun tí n kò ní lè dì padà.

Bàbá Sípánà
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́ǹpù yẹn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tú lábẹ́ igi. Eruku díẹ̀ péré tó bá wọ inú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò nìkan ló yẹ kí wọ́n ti ṣí i. Ohun tó sì máa ń fa irú eléyìí, kí epo tó dé pọ́ǹpù ló máa ń wà, láàárín táǹkì sí fílítà.

Dá mi lóhùn èyí kọ́kọ́: nígbà tó ń yí, kí lẹ rí lẹ́nu sàlẹ́ńsà? Ṣé èéfín funfun, àbí dúdú, àbí kò sí nǹkan kan? Jẹ́ kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́, kí ìwọ dúró síbi tí o ti lè rí i dáadáa.

Ṣáápù-Ṣáápù
Ẹ ò kàn rọ pẹtiróòlù díẹ̀ sí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́? Tàbí ẹ ra súpíréè tí wọ́n ń fọ́n sí i. Kíá ló máa dìde. Bí a ṣe ń ṣe jẹnẹrétọ̀ wa nìyẹn.

Bàbá Sípánà
Ṣáápù-Ṣáápù, jọ̀wọ́, jọ̀wọ́, má kọ́ àwọn ọmọ ní èyí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ títí tó fi gbóná ló ń mú kí epo gbiná, àkókò tí pọ́ǹpù bá sì fọ́n epo sí i ló yẹ kó gbiná. Bí o bá rọ pẹtiróòlù tàbí súpíréè sí i, ó lè gbiná kí písítìnnì tó dé òkè, á wá máa lù ú padà sísàlẹ̀. Ríìngì á ṣẹ́, písítìnnì á là, nígbà mìíràn kọnirọ́ọ̀dù (irin tó gbé písítìnnì dúró) á tẹ̀. Èyí tó tún burú jù: ọ̀pọ̀ Perkins yìí ló ní ohun kékeré kan lára páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó máa ń gbóná pípọ́n fún òtútù. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì tan ìyẹn tí súpíréè wà níbẹ̀, àfi kí Ọlọ́run yọ ojú ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ilẹ̀ wa ò tutù débi pé Perkins tó lera á nílò súpíréè. Bó bá ń bèèrè fún un lójoojúmọ́, àìsàn mìíràn ló ń ṣe é.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Ẹ ṣé, Bàbá. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló yí i, èmi dúró síwájú. Kò sí èéfín rárá. Kò tilẹ̀ rùn epo.

Réwáyà Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ káàárọ̀ o. Iná ni iṣẹ́ tèmi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n la èyí fún àwọn tí wọ́n máa kà á lẹ́yìn wa, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò yí rárá, tàbí tó kàn ṣe "kó" tó dákẹ́, wàhálà iná ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi epo sílẹ̀. Bó bá ń yí dáadáa tí èéfín ò jáde, epo ò dé inú sìlíńdà. Ẹ fi iná sílẹ̀. Bó bá ń yí tí èéfín funfun ń tú jáde, epo ń dé o, kò kàn gbiná ni: yálà ó ń yí lọ́ra jù torí bátìrì ti rẹ̀, tàbí omi ti dà mọ́ epo, tàbí ẹ́ńjìnnì ti gbó tí agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ti lọ. Èéfín dúdú ní tirẹ̀, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, ẹyẹ tàbí eku lè ti kọ́lé síbẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ará Òkè-Ògùn, tepo ni. Bàbá Sípánà ló ni í.

Ìyá Lóko
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó lọ jìnnà: okùn irin tí a fi ń pa á ńkọ́? Ìyẹn tí a máa ń fà síta kó lè kú. Bí ìpata bá ti mú un, ẹ lè ti tì í wọlé lójú, kó má sì padà lára pọ́ǹpù. Ọ̀kan nínú katakata mi ṣe é lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bátìrì. Ẹ wo apá kékeré tó wà lára pọ́ǹpù níbi tí okùn náà parí sí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fà á, kó tì í, kí ẹ rí i pé apá yẹn ń lọ ó ń bọ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ ló ń pa á, tí kò ní okùn, ẹ máa gbọ́ "tẹ́" kékeré lára pọ́ǹpù bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, wáyà rẹ̀ lè ti já.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Tèmi, okùn ni. Mo ti wò ó, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò há. Epo wà nínú táǹkì, ó ju ìdajì lọ. Ṣé kí n fi katakata ọ̀rẹ́ mi fà á?

Bàbá Sípánà
Kí ló fẹ́ fà? Epo ò dé ibẹ̀, bó o fà á dé Ṣakí, kò ní dìde. Fífà yẹn náà ní ewu tirẹ̀: bó bá gbéra lójijì, á kọlu ti iwájú, tàbí kí sẹ́ènì já kó na ẹni tó wà lórí rẹ̀. Fi sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀nà epo. Wá sípánà àti àkísà tó mọ́, kí o sì fi dísẹ́ẹ̀lì fọ orí fílítà àti ara pọ́ǹpù kí o tó tú ohunkóhun. Ìdọ̀tí tó bá wà níta kò gbọdọ̀ wọlé.

Ṣí ẹnu táǹkì tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn táàpù epo, kó ṣí tán. Lẹ́yìn náà, lókè fílítà, bóòtù kékeré kan wà níbẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Tú u sílẹ̀ díẹ̀, má yọ ọ́ pátá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìwọ yóò rí pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní AC pump. Ó ní irin pẹlẹbẹ kékeré lábẹ́, tí ìka lè mì sókè sódò. Máa mì í. Epo á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú ìfóòfó. Máa mì í títí ìfóòfó á fi tán tí epo á fi ṣàn gaara, kí o tó dì í. Bí fílítà bá jẹ́ méjì, ṣe é fún méjèèjì.

Bọ́ sára pọ́ǹpù ńlá, ìyẹn ti ínjẹ́kítọ̀. Bóòtù afẹ́fẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ní ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, èkejì lókè pátápátá. Tú ti ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́, mì í títí á fi mọ́, dì í. Ṣe ti òkè bákan náà. Wọ́n kéré o, bàbà ni wọ́ṣà tó wà lábẹ́ wọn, má fi agbára kìnnìún dì wọ́n.

Ìgbẹ̀yìn ni páìpù irin tó lọ sí ínjẹ́kítọ̀. Tú nọ́ọ̀tì méjì sílẹ̀ lórí ínjẹ́kítọ̀, díẹ̀ báyìí, kí nọ́ọ̀tì kàn lè mì. Ti okùn ìpa wọlé, fa ìtẹ epo dé òpin, kí ọmọ yí kọ́kọ́rọ́. Epo á máa ta sẹ̀ẹ́sẹ̀ẹ́ lẹ́nu nọ́ọ̀tì. Bó bá ti ń ta láìsí afẹ́fẹ́, dì wọ́n pa, kó tún yí i. Kò gbọdọ̀ yí i ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì sinmi tó ìṣẹ́jú kan kó tó tún yí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kíkísítátà (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì) á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun kan tí n kò ní gbojú fò: má fi ọwọ́ rẹ dí ibi tí epo ti ń ta. Epo tó ń jáde lẹ́nu ínjẹ́kítọ̀ ní agbára tó lè gún awọ wọ inú ẹran ara, ojú ọgbẹ́ náà á sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn kíákíá ni, kì í ṣe àgbo.

Ọmọ Èrúwà
Bàbá, mo ti fi èyí pamọ́ sórí fóònù. Ẹ kú làálàá.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Mo ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Ìṣòro kan rèé: irin pẹlẹbẹ yẹn, bí mo ṣe ń mì í, kò nípọn rárá, ó kàn ń lọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Epo ò jáde lórí fílítà. Ṣé AC pump ló ti kú?

Bàbá Sípánà
Ó lè jẹ́ pé kò kú. Kámú inú ẹ́ńjìnnì ló ń ti irin yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró síbi tí kámú ti tì í dé òpin, ọwọ́ rẹ kò ní rí nǹkan kan tì mọ́. Jẹ́ kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ́ńjìnnì lè kúrò níbi tó dúró sí, kí o tún mì í wò. Wàá mọ̀ pé ó ti mú nǹkan.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Áà! Ó ti nípọn. Epo ti ń jáde. Ìfóòfó pọ̀, ó mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún dákẹ́. Mo ń mì í, mo ń mì í, kò sí nǹkan.

Ṣakí Háró
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí ìdérí táǹkì lókè, kí ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ "fììì" bí ẹ ṣe ń ṣí i, ihò tí ìdérí fi ń mí ti dí. Epo ò lè ṣàn kúrò nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀. Níbi tiwa, kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló máa ń dí i, pàápàá katakata tó ti dúró láti oṣù kọkànlá. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín tú u.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Mo ti ṣí i. Kò ṣe fììì. Mo tún fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo mì í, bákan náà ni: ó wá, ó lọ.

Bàbá Sípánà
Ó wá, ó lọ. Ó dáa, nǹkan kan ń ṣí ń tì níbẹ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ páìpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìfóòfó ni ìyẹn máa ń mú wá láìdáwọ́ dúró. Tú páìpù rọ́bà kúrò lẹ́nu táàpù táǹkì, fi kẹ́ẹ̀gì sábẹ́, kí o ṣí táàpù. Sọ bó ṣe ṣàn fún wa, kì í ṣe bóyá ó ṣàn nìkan.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
Ó kọ́kọ́ ya dà, lẹ́yìn náà ó wá di tóótóótó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Mo ti táàpù, mo dúró díẹ̀, mo tún ṣí i: ó tún ya dà, ó tún di tóótóótó.

Ìyá Lóko
Ọ̀rá! Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà: bí ìdérí kẹ́ẹ̀gì ò bá le, ọ̀rá ni wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dé e. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, ó máa ń ya, èyí tó já á bá epo wọ táǹkì.

Bàbá Sípánà
Ìyá Lóko ti sọ ọ́ tán. Bí epo bá ń fà, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò. Bí ẹ bá pa á, á ṣí kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tí díísìkì bá wọlẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń béèrè epo púpọ̀. Tí ẹ bá ń fi í rìn lọ lásán lójú títì, kò ní hàn.

Má wulẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú táǹkì lásán o. Á kúrò níbẹ̀, á tún padà wá ní ọ̀sán. Gbẹ epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, yọ táàpù fúnra rẹ̀, fọ ìsàlẹ̀ táǹkì.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn
(Ní ọ̀sán) Ìyá wa, Bàbá, gbogbo ilé, ẹ kú ìrànlọ́wọ́. A gbẹ ẹ́. Ọ̀rá dúdú, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ti rọ̀ nínú epo, ó ká mọ́ sẹ́ẹ̀fù kékeré tó wà lẹ́nu táàpù. Omi náà tún wà ní ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì nígbà tí epo tòrò, ó hàn lábẹ́ epo bí ẹ bá fi sínú ìgò funfun.

Mo rà fílítà méjèèjì tuntun, mo tú afẹ́fẹ́ bí Bàbá ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo dì nọ́ọ̀tì ínjẹ́kítọ̀ tán tí ọmọ yí i, ó wú ikọ́, èéfín funfun tú jáde, ó tún wú ikọ́, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ gbéra! Ó kọ́kọ́ ń hàn-ún hàn-ún lórí mẹ́ta, kí ìkẹrin tó wọlé. Ó ń túlẹ̀ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mẹkáníìkì yẹn ní kí n fún òun lówó wíwá.

Ṣakí Háró
Ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ má fún un ní pọ́ǹpù.

Ọmọ Èrúwà
😂😂 Bàbá, omi tó wà nínú epo yìí ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo wa fi ń ra á, kò sí ẹni tó máa gbé katakata dé filling station lójoojúmọ́.

Bàbá Sípánà
Kẹ́ẹ̀gì kò burú. Ìwàǹwara ni. Bí o bá ra á lónìí, jẹ́ kó dúró di ọ̀la, kí o má gbé e mì. Omi àti ìdọ̀tí á rọlẹ̀. Nígbà tí o bá ń dà á, má dà á tán: fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó èyí tó kù jọ, fi fọ irin. Lo àrọ tó ní sẹ́ẹ̀fù wáyà. Mi ò fẹ́ràn aṣọ, òwú rẹ̀ máa ń já wọ epo.

Bí katakata bá máa dúró di ọ̀la, kún táǹkì ní ìrọ̀lẹ́, má ṣe é láàárọ̀. Táǹkì tó ṣófo ní afẹ́fẹ́ nínú, òtútù òru á sọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà di omi. Kọ́bọ̀ kan ò wọ̀ ọ́. Bí fílítà yín bá ní ife kékeré nísàlẹ̀, tú bóòtù abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, kí omi kán jáde títí epo nìkan á fi kù.

Ẹ jọ̀ọ́, fílítà tí wọ́n fọ̀ kì í ṣe fílítà. Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣe é.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ Kwara
Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin àgbà. Kí ẹ tó lọ, ti èmi náà rèé. Mi ò ní wàhálà epo. Tèmi kò yí rárá. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣe "kó" lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi súkùdíráfà so bóòtù méjì ara kíkísítátà pọ̀, pé á yí. Mo ṣe é, iná ta, kò yí. Bátìrì yìí ò tíì pẹ́.

Réwáyà Ògbómọ̀ṣọ́
Àbúrò, kọ́kọ́ ju súkùdíráfà yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe iná tó ta ló ń bà mí lẹ́rù. Ojú ọ̀nà ààbò kan wà lára katakata tó ń rí i pé kò ní yí bí jíà ò bá sí ní fírì, tàbí bí o ò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Súkùdíráfà máa ń fo ìyẹn kọjá. Níwájú táyà ńlá ni ẹni tó ń ṣe é sì máa ń dúró sí, nílẹ̀. Bó bá wà nínú jíà tó sì gbéra, á gun onítọ̀hún. Ó ti pa ènìyàn ní ibi púpọ̀ láyé yìí. Orí àga ni kí o ti máa yí katakata, kò sí ibòmíràn.

Ìyẹn tún ni ohun àkọ́kọ́ tó o máa wò: jíà. Lórí àwọn MF, lẹ́fà kékeré tó ń yan gíga àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní fírì, kì í ṣe jíà ńlá nìkan. Àwọn mìíràn fẹ́ kílọ́ọ̀ṣì títẹ̀, àwọn tuntun mìíràn fẹ́ kí o jókòó lórí àga. Ṣùgbọ́n bí ó ti ṣe "kó" yẹn, iná ti kọjá ibẹ̀, nítorí náà mo fura sí ibòmíràn.

Tan iná iwájú. Jẹ́ kó wà ní títàn, kí o yí kọ́kọ́rọ́, máa wo iná náà. Bó bá ṣú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bátìrì ti rẹ̀ tàbí orí bátìrì kò mú. Bó bá ń tàn bó ṣe wà, tí "kó" sì ń dún, sólẹ́nọ́ìdì (síwíìṣì ara kíkísítátà) tàbí kábọ́ọ̀nù inú kíkísítátà ni. Bí o bá ní mítà, bátìrì tó kún dáadáa yẹ kó ní bíi fóòtù (volt) 12.6 nígbà tó bá sinmi. Nígbà tó ń yí, bó bá jábọ́ sísàlẹ̀ 9.6, kò lágbára mọ́, tuntun tàbí ògbólógbòó.

Ibeèrè kan sí i: níbo ni katakata yìí wà nígbà òjò? Ṣé agolo wà lórí sàlẹ́ńsà?

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ Kwara
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Lábẹ́ ọgbà ló wà, àtíbàbà wà lórí rẹ̀, agolo sì wà lórí sàlẹ́ńsà. Kí ló dé tí ẹ fi bèèrè?

Bàbá Sípánà
Nítorí sàlẹ́ńsà tó dúró ṣánṣán máa ń gba omi òjò wọnú ẹ́ńjìnnì. Omi ò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bó bá wà nínú sìlíńdà kan tí ẹ sì ń fi ipá yí i, á ṣe "kó", á dúró, bí ẹ bá tún fi agbára mú un, kọnirọ́ọ̀dù á tẹ̀. Ẹni tí òjò ti rọ̀ sínú tirẹ̀, kí ó tú ínjẹ́kítọ̀ jáde kó tó yí i. Ìwọ ní agolo, ó dáa.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ Kwara
Iná iwájú ṣú pátápátá nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́. Mítà fi 12.5 hàn lórí bátìrì kí n tó yí i. Ṣé kí n wá tírélà kan tó máa yá mi ní iná?

Réwáyà Ògbómọ̀ṣọ́
Rárá o! Ọ̀pọ̀ tírélà àti típà ló ń lo fóòtù 24, katakata rẹ ń lo 12. Wàá sun gbogbo wáyà. Katakata mìíràn tàbí mọ́tò kékeré ni. Bí o bá ṣe é, so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ irin ara ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí bátìrì, má ṣe so ó mọ́ orí bátìrì fúnra rẹ̀, torí bátìrì máa ń tú gáàsì tó lè bú. Sìgá kò gbọdọ̀ wà nítòsí.

Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ ní 12.5, kò burú. Iná ni kò rí ọ̀nà kọjá. Tú orí bátìrì méjèèjì, dúdú kọ́kọ́. Bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò wọ́n, pò káún mọ́ omi gbígbóná, rọ ọ́ síbẹ̀, á hó, á pa ásíìdì. Má jẹ́ kó wọ inú bátìrì. Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà hà á títí irin á fi dán. Lẹ́yìn náà, tẹ̀lé wáyà dúdú títí dé ibi tó ti parí sí, níbi tó ti di mọ́ ara irin. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i jù. Pẹ́ńtì, ìpata àti amọ̀ máa ń wà lábẹ́ bóòtù náà.

Ìyá Lóko
Ẹ sọ fún un pé kó wá wáyà tó nípọn bí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń fi wáyà ilé rọ́pò rẹ̀.

Bí o bá tún rí àkókò lẹ́yìn ìtúlẹ̀, lọ bi àwọn NCAM (ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Ìdófìàn bóyá wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ katakata. Ìlọrin nítòsí yín ni. Ọmọ tí mo rán lọ síbẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú afẹ́fẹ́, òun ni kò jẹ́ kí n máa pe mẹkáníìkì mọ́.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ Kwara
Ẹ̀gbọ́n Réwáyà, ẹ ṣe é gan-an. Wáyà dúdú ni. Pẹ́ńtì tuntun tí wọ́n fi kùn ún kí wọ́n tó tà á fún mi wà lábẹ́ bóòtù yẹn. Mo hà á, mo dì í, ó yí ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sítáàtì. Mo ti fi gíríìsì díẹ̀ lé orí rẹ̀.

Bàbá Sípánà
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí ọjà Àràrọ̀mí, Agodi Gate ní Ìbàdàn, lọ́la, kó bá mi ra wọ́ṣà bàbà fún bóòtù afẹ́fẹ́ Perkins, èyí tó kéré jù. Kó ra púpọ̀, Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn náà máa nílò tirẹ̀: bóòtù tó ti tú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ bá rí i tí epo ń jò níbẹ̀, wọ́ṣà rẹ̀ ni kí ẹ pàrọ̀.